Ọ̀sẹ̀ Tí A Wá Ilé fún Abẹ́rẹ́ Iye

Òórùn òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ sínú ẹ̀kọ ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà èwe mi. Ẹ̀yin tí ìyá yín ti hunṣọ rí yóò mọ èyí tí mò ń wí: ó kan díẹ̀, ó tutù nímú, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣí ìdérí ìkòkò ògì kí oòrùn tó yọ. Iye mi, torí pé iye ni àwa ní Kàbà ń pe ìyá, yóò ti na òwú náà sórí okùn láàárín àgbàlá, funfun, pupa àti aláró, omi rẹ̀ yóò sì máa kán tó, tó, tó sórí iyanrìn. Bí mo bá ti gbọ́ òórùn yẹn, mo mọ̀ pé Iye yóò jókòó sídìí òfì lọ́jọ́ náà, inú mi á sì ti dùn kí n tó lajú tán.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́. Iye kì í ṣe ọ̀bùn. Àgbàlá rẹ̀ mọ́, ìkòkò rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ ju ilé wa lọ. Ó ń hunṣọ, èyí tó kọ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ayewa, ní ilẹ̀ Bùnú. Ó ń fi kóróṣè hun fìlà ọmọ tuntun. Ó ń sin ìlẹ̀kẹ̀. Ó sì ń fọwọ́ rán aṣọ tó bá ya fún gbogbo ọmọ àdúgbò. Òfì dúró ti ògiri pálọ̀ bí ilẹ̀kùn kejì. Gbogbo ohun tó kù, ilẹ̀ ló ń gbé. Abẹ́rẹ́ wà lára kọ́tìnnì, ó wà létí ẹní, ó wà lára kàlẹ́ńdà. Bọ́tìnnì wà nínú ife tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́, òmíràn wà nínú bàtà. Wúùlù lọ́ mọ́ra wọn débi pé adìẹ kan wọlé wá yé ẹyin méjì sínú rẹ̀. Bí Iye bá ń wá sìsọ́ọ̀sì, yóò dìde, yóò gbọn ìró rẹ̀, yóò ní, "Ó wà níbí báyìí," àwa ọmọ yóò sì dọ̀bálẹ̀ máa wo abẹ́ àga.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, kò tí ì pẹ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi. Ìlọrin ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìpínlẹ̀ tuntun dé, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ ilẹ̀ Òkun tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ máa bọ̀ ní Lọ́kọ́ja. Ilé kò sí ní Lọ́kọ́ja nígbà náà. Bàbá àti akọ̀wé mẹ́ta ń sùn nínú yàrá kan. Nítorí náà, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni yóò sì padà.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, nínú ọyẹ́. À ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò mi Dúpẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rin, sáré wọ pálọ̀ láti mú bàtà rẹ̀, ló bá figbe ta. Igbe náà kì í ṣe ti ẹni tó ṣubú. Nígbà tí a máa fi débẹ̀, ó ti jókòó, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, a sì rí ìdí abẹ́rẹ́ tó yọ díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá gbé e jáde bó ṣe wà, ó sáré lọ sí ọsibítù lórí ọ̀kadà, òun tó ti wọ agbádá ṣọ́ọ̀ṣì.

Nọ́ọ̀sì yọ abẹ́rẹ́ náà. Kò kán sínú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Bàbá kò pariwo nígbà tó dé, ìyẹn gan-an ló sì bà wá lẹ́rù. Ó gbé Dúpẹ́ sórí àga, ó wo ilẹ̀ pálọ̀ yíká, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún Iye pé, "Iye Fúnmi, abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Kì í sì í ṣe títẹ̀ fún ọmọ mi. Mò ń lọ sí Lọ́kọ́ja ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Bí mo bá dé lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo bá ẹyọ kan ṣoṣo nínú nǹkan iṣẹ́ yìí nílẹ̀, Ayewa ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, títí kan òfì."

Ohun kan ṣoṣo tí Iye sọ, lẹ́yìn tí Bàbá ti lọ, ni pé, "Abẹ́rẹ́ tí kò nílé, ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn ni yóò fi ṣelé." Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti di òwe nílé wa.

Nígbà tí mo ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ Ajé, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀. Ó ti ṣí àpò ìrẹsì méjì, ó ń rọ́ wúùlù, òwú, ìlẹ̀kẹ̀, gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú wọn. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. "Mò ń palẹ̀ wọn mọ́ kí bàbá rẹ tó wá palẹ̀ èmi mọ́," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, òun yóò máa ta iyọ̀ àti magí bí àwọn obìnrin yòókù.

Ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ gún Dúpẹ́ lọ. Mi ò lè fojú inú wo ilé wa láìsí òfì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, ẹnu mi sì yá. Mo ní, "Iye, Bàbá kò ní kí ẹ má hunṣọ mọ́. Wọ́n ní kí nǹkan má wà nílẹ̀ ni."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àpò. "Kọ́bọ́ọ̀dù wo la ní? Ṣé orí ni kí n kó o sí?"

"Agolo," ni mo wí. Olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa ti kọ́ wa bí a ṣe ń fi páálí aláràbarà wé agolo láti kó òdòdó sí. Bí mo ṣe sọ ọ́ jáde ni òmíràn ń sọ sí mi lórí: páálí ìṣáná, ọparun, kéréètì ẹyin! Mo ń sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí itọ́ ń ta lẹ́nu mi. Iye wá fa ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú àpò, ó sì ní, "Bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Lọ wá agolo rẹ wá."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, inú mi kò tí ì dùn bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti ilé ìwé gba ọ̀dọ̀ Ìyá Ráfátù lọ tààrà. Òun ló ń ta ṣáyì àti búrẹ́dì lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí ní ọ̀nà ọjà, òkìtì agolo mílíìkì sì wà lẹ́yìn àtíbàbà rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo kí i bí àwa ará Òkun ṣe ń kíra wa, "Òkun o, Ìyá." Ó ní, "Òkun, ọmọ mi. Ṣé o fẹ́ mu ṣáyì ni?" Mo ní rárá, agolo ni mo wá tọrọ. Ó kọ́kọ́ yarí, torí àwọn tó ń ta ata máa ń wá gbà á láti fi wọn ata. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣàlàyé abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ Dúpẹ́, àti Ayewa fún un lẹ́ẹ̀kan náà, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ìyá rẹ ló hun aṣọ tí mo fi ṣègbéyàwó. Òfì yẹn kò ní lọ síbì kankan." Ó ka agolo méjìlá sínú abọ́ fún mi, ó sì fi páálí ìṣáná òfìfo tó ti tò jọ lé e. Ohun kan ló béèrè: kí n bá òun náà ṣe ibi tí òun yóò máa fi tẹ̀sùbáà òun sí, kí àwọn ọmọ òun yéé já a.

Ojú ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ agolo tó ń ró gbaragada lórí mi, mo sì ń rìn bí ẹni tó gbé adé.

Iye fi òkúta lu ẹnu agolo náà títí tí kò fi lè géni mọ́. A fi àjákù aṣọ wé wọn, a fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ pátákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì. Sìsọ́ọ̀sì wọ ọ̀kan, kóróṣè wọ èkejì, téèpù àti ṣọ́ọ̀kì wọ ẹ̀kẹta. Páálí ìṣáná mẹ́rìndínlógún ni a fi ẹ̀kọ lẹ̀ mọ́ra, mẹ́rin lórí mẹ́rin, ó di àpótí kékeré olójú púpọ̀. Bọ́tìnnì ni a kó sínú rẹ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀, mo sì rán ẹyọ bọ́tìnnì kan síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń wá pupa, pupa ni yóò fà.

Lọ́jọ́rú, èmi àti Iye lọ sétí odò lọ gé ọparun. Ẹ mọ̀ pé oríkèé ọparun ti dí nísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. A gé e ní gígùn ìka, a kó abẹ́rẹ́ sí i, a sì fi ṣùkù àgbàdo dí ẹnu rẹ̀ pinpin. Ibẹ̀ ni Iye ti jí pátápátá. Bó ṣe mú ṣùkù yẹn lọ́wọ́ ló dúró láàárín ọ̀nà, ó ní, "Fúnmi! Kí ló dé tí a ò fi òwú gan-an wé e lára?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ogún ṣùkù àgbàdo ti wọ òwú, wọ́n tò sínú apẹ̀rẹ̀ bí ọmọ tó wọ ẹ̀wù tuntun. Lẹ́yìn náà ló mú igbá kékeré kan, ó dá ìdérí rẹ̀ lu láàárín, ó kó bọ́ọ̀lù wúùlù sínú rẹ̀, ó fa orí wúùlù náà gba inú ihò náà jáde. Ó fà á, wúùlù ń bọ̀ wẹ́rẹ́, kò lọ́, kò sá kiri ilẹ̀. Iye pariwo. Ó ní láti ọdún tí òun ti ń hun fìlà ọmọ, wúùlù ló ń lé òun kiri ilé, òun náà ń lé wúùlù. Ó fà á títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú u tán, ó tún wé e padà, ó tún fà á.

Ìlẹ̀kẹ̀ bọ́ sínú kéréètì ẹyin, ọgbọ̀n ihò, mo sì to àwọ̀ wọn láti orí funfun dé orí dúdú. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, mi ò ní jẹun tán kí n tó tún lọ wò ó.

Ó wá ku àjákù aṣọ, síìpù, àti àwọn pépà tí Iye fi ń gé ọrùn ẹ̀wù. Lọ́jọ́bọ̀, ó lọ gbé aṣọ kan fún ìyàwó ojú ọ̀nà ní Ìyàmoyè, ó fi èmi àti Dúpẹ́ sílé. Mo wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fa àpò aṣọ àlòkù jáde. Ibẹ̀ ni mo ti rí ṣòkòtò kákí kan. Àpò rẹ̀ pọ̀! Méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, kékeré kan lábẹ́ ìgbànú. Mi ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo gé e lẹ́sẹ̀, mo tú ìránṣọ rẹ̀, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rán àpò mẹ́rin mìíràn mọ́ ọn. Dúpẹ́ ló ń bá mi di etí rẹ̀ mú. A gbé e kọ́ sára ògiri, a sún sẹ́yìn, a wò ó, àwa méjèèjì sì jó.

Iye wọlé, ó káwọ́ lérí. "Fúnmi, ṣòkòtò bàbá rẹ!" Mo ní àlòkù ni. Ó ní kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àlòkù. Ó na ọwọ́ láti já a bọ́, ó tún fà á sẹ́yìn. "Aṣọ tí a ti gé, a kì í bẹ̀ ẹ́ kó tún so padà," ló wí. Ó jókòó, ó sì ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé Bàbá ti ń bọ̀.

Wọ́n ń pe ìrun alásáárì lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá dé lọ́jọ́ Jímọ̀, eruku ọ̀nà Lọ́kọ́ja funfun lójú rẹ̀. A kí i. Ó dáhùn. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Mo wá mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó fi ẹsẹ̀ lásán wọ pálọ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ló ń rìn. Ó ń tẹ ilẹ̀ bí ẹni ń dán omi odò wò, láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ fèrèsé, láti abẹ́ fèrèsé dé ìdí òfì. Dúpẹ́, tí bándéèjì wà lẹ́sẹ̀, ń tiro tẹ̀ lé e, ó káwọ́ sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bíi tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Bàbá dé ìpẹ̀kun yàrá, ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó wò ó. Kò sí nǹkan kan.

Ó wá nawọ́ sí mi, ó fi ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ hàn mí. Bọ́tìnnì kan ti já. "Bọ́tìnnì funfun, oníhò mẹ́rin."

Mo fa páálí ìṣáná, mo mú un wá.

"Òwú funfun." Mo mú ṣùkù kan wá. "Abẹ́rẹ́." Mo ṣí ọparun, mo da ẹyọ kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Gbogbo rẹ̀ kò pẹ́ tó kíka oókan dé ẹ̀rìndínlógún. Bàbá wo Iye, Iye ń wo ilẹ̀. Ó gbójú sókè láti wo agolo lára pátákó, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí kákí.

"Ṣòkòtò ta nìyẹn?"

"Tiyín ni, Bàbá Fúnmi," ni Iye wí. "Èmi ni mo gé e."

Mo fẹ́ dákẹ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n purọ́, mo fẹ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n Iye ti fẹ́ pàdánù òfì rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò lè jẹ́ kó tún jẹ̀bi èyí. Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, kì í ṣe Iye. Wọn ò sí nílé. Èmi ni mo fi sìsọ́ọ̀sì sí i."

Bàbá lọ bá ṣòkòtò náà. Ó fọwọ́ pa á lára. "Èyí ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ gba iṣẹ́ ní Ìlọrin," ló wí, kì í sì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. "Bàbá mi ló rà á fún mi." Ó ki ọwọ́ bọ àpò iwájú rẹ̀, bí ọkùnrin tó ń dúró de mọ́tò ní gáréèjì ṣe ń ṣe. Ó fa síìpù pupa kan jáde. Ó wò ó, ó dá a padà síbi tó ti mú un. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ báyìí ju ìgbà tó wà lára mi lọ."

Iye ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ilẹ̀ tó mọ́ tónítóní, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá fà mí dìde. Ó bi mí bí mo ṣe ṣe ti ọparun, bí mo ṣe ṣe ti páálí ìṣáná, mo sì ń dáhùn láìmí. Nígbà tó yá, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Fúnmi, ní ọ́fíìsì tuntun tí wọ́n kó wa sí, orí ilẹ̀ ni fáìlì wà. À ń fò wọ́n kọjá bí ẹni ń fo gọ́tà. Kí lo lè fi páálí ọṣẹ ṣe?"

Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni èmi àti bàbá mi fi gé páálí. A gé e ní ìhà kan, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, a fi àjákù aṣọ Iye wé etí rẹ̀ kó má baà ya, ó di ibi tí fáìlì ń dúró sí ní òòró. Mẹ́fà ló gbé wọ mọ́tò lọ sí Lọ́kọ́ja. Nígbà tó padà dé lọ́sẹ̀ kejì, ó ní ọ̀gá òun bi òun pé káfíńtà wo ló ṣe é. Òun sì dáhùn pé obìnrin ni káfíńtà náà, Kàbà ló wà, ó wà ní praimárì karùn-ún. Mo sùn lálẹ́ ọjọ́ náà bí ọba.

Mo ṣe ti Ìyá Ráfátù náà: agolo tómátò kékeré tí a fi aṣọ aláwọ̀ ewé bò, tí ó ní ìdérí. Iye sì hunṣọ nídìí òfì yẹn títí tí mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni.

Olùkọ́ ni mí lónìí, iṣẹ́ ọwọ́ gan-an ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Kíláàsì mi ní bébà, gọ́ọ̀mù, wúùlù àti ìlẹ̀kẹ̀, gbogbo wọn nínú àpò lórí ilẹ̀ lẹ́yìn tábìlì mi. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí mo ti kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n fún wa ní kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí èsì kò dé, mo kọ òmíràn. Mo tún kọ ẹ̀kẹta, mo lu òǹtẹ̀ sí i, mo tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń fi ẹsẹ̀ ti àpò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè kọjá, ojú tì mí lójijì. Mo kàwé ju Fúnmi ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, mo mọ ẹni tí a ń kọ̀wé sí àti bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un. Ọmọ yẹn kò mọ ẹnì kankan. Kò kọ lẹ́tà kankan. Láàárín ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Jímọ̀, ó ti parí iṣẹ́.